Ẹni Tí Yóò Tún Lọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ìforítì láyé yìí, nínú ilé ìjọsìn, lórí rédíò, lórí fóònù tí ẹ kì í gbé sílẹ̀. Ẹnì kan á bọ́ síwájú ìjọ, á ní òun jìyà, òun sùn sábẹ́ afárá, òun gbàwẹ̀, òun fara dà á, àmọ́ ní báyìí òun ti kọ́lé, òun ti ra mọ́tò. Ìjọ á pàtẹ́wọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni du ẹ̀rí rẹ̀; ẹni tí Ọlọ́run ṣe fún, kó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì fi ojú ara mi rí lẹ́nu iṣẹ́ náà ni pé irú ìforítì tó ń parí sí ilé àti mọ́tò yẹn ló kéré jù láyé. Èyí tó pọ̀ jù kò ní ọjọ́ tí à ń jẹ́rìí rẹ̀, nítorí kò ní ọjọ́ tó ń parí. Ẹni tó ń ṣe é gan-an kì í pè é ní ìforítì. Ó ń lọ gba oògùn ni.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹni tí kò sí oyin nínú àpáta tirẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó mọ̀ pé bí òun là á lónìí, àpáta náà ni òun yóò bá níbẹ̀ lọ́la? Ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín.

Obìnrin ni, arúgbó ni, adúláwọ̀ bíi tiwa ni, inú ìtàn ló sì wà. Phoenix Jackson ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó kọ ìtàn náà ni Eudora Welty, obìnrin aláwọ̀ funfun tí wọ́n bí ní 1909 ní ìlú Jackson, ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, tó sì kú ní ìlú kan náà ní 2001. Ìtàn náà jáde ní 1941 nínú ìwé ìròyìn Atlantic Monthly. "A Worn Path" ló pè é, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ títí tó fi fẹ́lẹ́. Kò gùn rárá. Ẹni tó bá gbé ẹ̀wà kaná lè kà á tán kí ẹ̀wà tó rọ̀. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, Welty bá ìjọba ṣiṣẹ́ káàkiri Mississippi, ó ń ya fọ́tò àwọn tálákà ibẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ adúláwọ̀. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ohun tó bí ìtàn yìí ni pé òun rí ìyá arúgbó kan lókèèrè tó ń dá rìn kọjá ní pápá nígbà òtútù. Bí ó ti ń rìn yẹn, a mọ̀ pé ó ní ibi tó ń lọ.

Nínú ìtàn náà, Welty fi ìdí ìrìn náà pamọ́ fún wa títí di ìparí. Ọgbọ́n òǹkọ̀wé nìyẹn. Èmi kò ní ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, mo sì ti dàgbà kọjá ká máa fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ọmọ-ọmọ màmá yìí gbé sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ mì, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jóná. Láti ìgbà náà, bí àkókò bá ti tó, ìyá àgbà á wọ bàtà, á fi ẹsẹ̀ rìn láti inú igbó lọ́hùn-ún dé ìlú Natchez tó wà létí odò Mississippi, á gba oògùn tó ń tu ọmọ náà lọ́fun, á sì padà sílé. Oògùn náà kì í wò ó sàn. Ó kàn ń jẹ́ kí ó rọrùn ni. Nígbà tó bá tán, á tún lọ.

Ẹ jẹ́ ká bá a rìn díẹ̀. Oṣù Kejìlá ni, òwúrọ̀ kùtùkùtù, òtútù ti mú kí ilẹ̀ gan. Ó fi àkísà pupa wé orí. Ọ̀pá tó ń tẹ̀ jẹ́ igi agbòjò àtijọ́ kan. Ó ró éépírọ́ọ̀nù gígùn tí wọ́n fi àpò ṣúgà rán. Ojú rẹ̀ ti ń di àwọ̀ aró nítorí ogbó. Okùn bàtà rẹ̀ méjèèjì tú sílẹ̀, wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, ìgbàkigbà ló sì lè tẹ̀ wọ́n kó ṣubú. Ẹ̀yin ọmọdé á béèrè pé kí ló dé tí kò so wọ́n. Àwa tí eegun ẹ̀yìn ti gan mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò gbé e nàró? Ó ń lọ, ó ń kìlọ̀ fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti òwìwí àti ehoro inú igbó pé kí wọ́n má dí òun lọ́nà.

Ó dé ibi òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí ẹni tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè. Òǹkọ̀wé kò ṣèèṣì mú ọ̀rọ̀ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wá o. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gúúsù Amẹ́ríkà túúbá nínú ogun abẹ́lé ní 1865, tí oko ẹrú sì parí, màmá yìí ti dàgbà jù láti lọ sí iléèwé. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Natchez tó ń lọ yìí sì ní ọjà kan nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Forks of the Road, ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù níbi tí wọ́n ti ń ta èèyàn ní gbogbo Gúúsù Amẹ́ríkà. Obìnrin tí wọ́n bí sínú irú ayé bẹ́ẹ̀ ló ń gun òkè yìí.

Igi ẹlẹ́gùn-ún kan mú un láṣọ. Ẹ wò ó bí ó ṣe ṣe é. Kò fà á ya. Aṣọ tó níyì lójú rẹ̀ ni, kò sì ní òmíràn tí yóò wọ̀ wọ ìlú. Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń yọ ẹ̀gún kọ̀ọ̀kan kúrò lára aṣọ. Kò bú igi náà; ó gbà pé iṣẹ́ ẹ̀gún ni ẹ̀gún ń ṣe. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ojú awẹ́. Bí ọ̀pọ̀ nínú yín bá kó sí irú ẹ̀gún bẹ́ẹ̀, ẹ ó fà á ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, ẹ ó sì ní ẹ ti ja àjàbọ́, àmọ́ ìhòhò lẹ ó fi wọ ìlú.

Ó dé odò kékeré kan tí wọ́n gbé igi lé. Ó dijú, ó sì rìn ín kọjá. Ó jókòó sinmi lábẹ́ igi, ó rí ọmọdékùnrin kan tó gbé kéèkì fún un nínú àwo. Ó nawọ́ láti gbà á, afẹ́fẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ bá. Ó dé ibi wáyà ẹlẹ́gùn-ún, ó fi ìkúnlẹ̀ rá kọjá bí ọmọ ọwọ́, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí owó lọ́wọ́ òun bó bá di pé wọ́n ní kí wọ́n gé apá tàbí ẹsẹ̀ òun. Nínú oko àgbàdo, ó rí nǹkan dúdú gíga kan tó ń mì, ó ṣe bí iwin ni. Ó bi í pé iwin ta ni, kò dáhùn. Ló bá sún mọ́ ọn, ó tọwọ́ bọ inú ẹ̀wù náà, àṣé ẹ̀wù tí wọ́n fi kọ́ igi láti máa lé ẹyẹ ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì bá a jó. Èmi fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo ibi yòókù lọ. Ẹni tí kò lè rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ láàárín ọ̀nà, ìbínú ni yóò rẹ̀ ẹ́ kí ìrìn tó rẹ̀ ẹ́.

Ibẹ̀ ni ajá dúdú kan ti yọ sí i. Ó gbé ọ̀pá láti lé e, ọ̀pá náà kò ní agbára, ni òun alára bá ṣubú sínú kòtò. A máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Nínú kòtò yìí, kò sí èwo tó wúlò nínú méjèèjì. Ó nawọ́ sókè bíi pé ẹnì kan ń bọ̀ wá fà á, kò sí ẹnì kankan. Ló bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, títí ẹnì kan fi gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹni tó kọjá ni ọdẹ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun, tó ní ìbọn lọ́wọ́, tó sì so ajá tirẹ̀ mọ́ ṣéènì. Ó fà á jáde, ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ó ti fà á jáde tán, ó ń fi í rẹ́rìn-ín, ó ní kó padà sílé, pé òun mọ irú àwọn dúdú, wọn kì í fẹ́ pàdánù Bàbá Kérésì tó wà nílùú. Ẹ gbọ́, ọmọ tí màmá yìí lè bí ní ọmọ-ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ sí i báyìí. Nígbà tó yá, ó tún na ìbọn sí i, ó bi í bóyá kò bẹ̀rù. Màmá dúró gbọn-in. Ó ní òun ti rí ìbọn tó dún nítòsí ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohun tí kò tó èyí tí òun ṣe.

Kí ni ó ṣe? Sẹ́ǹtì márùn-ún já bọ́ lápò ọdẹ náà, màmá sì rí i. Ó yin ajá dúdú yẹn lójú rẹ̀, ó ní kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ọdẹ bá sáré lé ajá lọ láti fi agbára hàn. Kó tó padà, màmá ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ti mú owó náà, ó sì ti sọ ọ́ sápò éépírọ́ọ̀nù. Ẹyẹ kan fò kọjá, ọkàn rẹ̀ sì sọ fún un pé Ọlọ́run ń wo òun. Ẹ̀yin kan á ní olè ni. Òun fúnra rẹ̀ mọ orúkọ tí ohun tí òun ṣe ń jẹ́, n kò sì ní bá a yí i padà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ọdẹ náà ní òun ì bá fún un lówó bí òun bá ní i lọ́wọ́, lẹ́yìn tí owó ti já bọ́ lápò rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé kò fèsì ìwọ̀sí. Mo mọ̀ pé èyí kò ní dùn mọ́ yín; ẹ̀yin ọmọ òde òní kì í gba ìwọ̀sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. N kò ní kí ẹ máa tẹrí ba fún ẹni tó ń fi ìyà jẹ yín. Ẹ kàn wo ibi tó wà. Ọlọ́pàá wo ni yóò pè? Adájọ́ wo ni yóò gbọ́ tirẹ̀? Ọdún 14 lẹ́yìn tí ìtàn yìí jáde, ní 1955, ní Mississippi kan náà, wọ́n pa ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 14 kan tó ń jẹ́ Emmett Till, wọ́n gbé àwọn tó pa á lọ sí kóòtù, kóòtù sì dá wọn sílẹ̀. Bí màmá bá fi ìbínú dá ọdẹ yẹn lóhùn, ta ni yóò gbé oògùn dé ọ̀dọ̀ ọmọ? Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jà lọ́nà. Iṣẹ́ náà ni ó ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹnu ara rẹ̀.

Ó wọ ìlú. Wọ́n ti fi iná pupa àti iná àwọ̀ ewé ṣe ìlú lọ́ṣọ̀ọ́ fún Kérésì. Obìnrin kan ń kọjá, ó kó ẹrù ẹ̀bùn mọ́ àyà, òórùn tó ń ta sánsán sì ń jáde lára rẹ̀. Màmá dá a dúró, ó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun so okùn bàtà. Ó ṣàlàyé fún un pé nínú igbó kò sí ohun tó burú nínú bàtà tó tú, àmọ́ kò bójú mu ká wọ ilé ńlá bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì, ó sì so bàtà méjèèjì fún un, ó so ó le dáadáa.

Ẹ má sáré kọjá níbí yìí. Ẹni tó ti dá la igbó, odò àti ìbọn kọjá ló dé ìlú tó ní kí ẹlòmíràn bá òun so bàtà. Ojú kò tì í. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, àwọn aláìsàn tó ń tètè kú mọ́ wa lọ́wọ́ ni àwọn tí kò lè sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di èyí mú." Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, kí àwọn ọkùnrin má bínú sí mi. Agídí ni wọ́n ní, wọ́n ń pè é ní ìforítì. Ìforítì mọ ìgbà tí ọwọ́ òun kò tó ẹsẹ̀ òun mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ sì wo obìnrin ẹlẹ́rù yẹn: kò mọ ibi tí arúgbó yìí ti ń bọ̀, kò béèrè, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó fi bẹ̀rẹ̀. Bóyá kò tún rántí rẹ̀ mọ́ kó tó délé.

Wàyí o, ọsibítù. Màmá gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó wọlé, ó dúró. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wò ó, ó ní àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba oògùn ọ̀fẹ́. Ó bi í léèrè orúkọ, ó bi í léèrè ohun tó ṣe é. Màmá kò fọhùn. Nọ́ọ̀sì kan jáde wá, ó dá a mọ̀, ó ṣàlàyé fún akọ̀wé pé màmá yìí kì í yẹ ọjọ́, ìtorí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ṣe ń wá. Ó bi í pé ọ̀fun ọmọ náà ńkọ́. Kò dáhùn. Ó tún bi í. Kò dáhùn. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú, ó ní kó má fi àkókò àwọn ṣòfò, ó tilẹ̀ bi í bóyá ọmọ náà ti kú. Lẹ́yìn èyí ni nǹkan tó tàn lójú màmá. Ó ti gbàgbé! Ó rìn gbogbo ìrìn yẹn, ó sì gbàgbé ohun tó bá wá.

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ ọsibítù rí lè rò pé Welty fi ìyẹn ṣe àwàdà. Mo rí i lójoojúmọ́. Ìyá arúgbó á dé láti abúlé láàárọ̀ kùtù, á ti wọ ọ̀kadà, á ti wọ mọ́tò, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì látìgbà tí a kò tíì ṣílẹ̀kùn. Káàdì ọsibítù rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, ọ̀rá wà nínú áńkáṣífù, ó sì so áńkáṣífù náà mọ́ etí ìró. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, á máa tú ìdì náà, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọmọdé tó wà nídìí tábìlì á pariwo: "Màmá, káàdì yín dà? Kí lẹ wá ṣe? Ẹ yára, èèyàn pọ̀!" Ẹ ó kàn rí i pé ojú màmá ṣófo. Kò ya wèrè. Kò sì ya dìndìnrìn. Gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ ló fi gbé ara rẹ̀ dé ibẹ̀, kò sí èyí tó ṣẹ́ kù fún ìbéèrè. Ẹ fún un ní àga. Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀. Ẹ bi í léèrè orúkọ ọmọ tó wà nílé, ẹ má tíì béèrè àìsàn. Ẹ ó rí bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe máa jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, mo fi èyí dá yín lọ́lá, wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò.

Phoenix bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n foríjì òun, pé òun kò kàwé. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ti ọmọ: ó wà nílé, ó fi kúbùsù alábùlẹ̀ bora, ó ń yọjú, ó ya ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Ó ní òun kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ọpọlọ rẹ̀ gbàgbé ọmọ, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbàgbé. Ẹsẹ̀ náà ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín pé ohun tí ẹ bá fẹ́ ṣe fún ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì máa ṣe é lọ́jọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ tó ń dúró de ìgbà tí inú rẹ̀ bá dùn kò ní pẹ́ gbàgbé ọ̀nà.

N kò lè kọjá lórí sódà yẹn láìsọ̀rọ̀, ẹ forí jì mí, iṣẹ́ mi ni. Ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, inú agolo ni wọ́n ń tà á sí fún ọṣẹ ṣíṣe àti fún ilé fífọ̀, ó sì jọ ṣúgà lójú ọmọdé. Dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Chevalier Jackson, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtọ́jú ọ̀fun; ó tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú u, ló bá lọ ń yọ ìjọba lẹ́nu, títí wọ́n fi ṣe òfin ní 1927 pé kí wọ́n máa kọ ọ́ sára agolo pé májèlé ni. Òfin wà níbẹ̀ nígbà tí Welty kọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tí kò kàwé ńkọ́? Ọ̀dọ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ yín ló ń po ọṣẹ olómi tà nílé, ó dáa, ajé á wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ ń bu sódà yẹn, kọ́sítíìkì tí ẹ mọ̀, sínú ìgò ohun mímu, ẹ ń gbé e sábẹ́ tábìlì. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ ọdún méjì, ó rí ìgò tó mọ̀. Bí ó bá gbé e mì, ọ̀nà ọ̀fun á bó. Bí egbò bá jinná, àpá rẹ̀ á fún ọ̀nà náà pọ̀, oúnjẹ kò ní lè kọjá, wọn á máa gbé ọmọ lọ sí ọsibítù léraléra kí wọ́n lè máa fẹ̀ ẹ́. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fi ọwọ́ ki í lọ́fun kó bì, nítorí bí ó bá ń padà bọ̀, á tún jó o lẹ́ẹ̀kejì. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e sáré lọ, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.

Ká padà sí ti màmá. A máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn yìí kò tilẹ̀ sọ ibi tí ìyá àti bàbá ọmọ náà wà. Òkété àgbà ló ṣì ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ má rò pé Mississippi nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wo abúlé yín. Ìyá wà ní Èkó, bàbá wà ní Líbíà tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ìyá àgbà ló ń gbé ọmọ lọ sí kíliníìkì. Àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí Nàìjíríà ní ju orílẹ̀-èdè kankan lọ, ni mo máa ń rántí jù. Fólíìkì ásíìdì àti Paludrine tí wọ́n ń lò kò sọ ẹ̀jẹ̀ SS di AA. Ìyá àgbà mọ̀. Dókítà ti sọ fún un. Síbẹ̀, kí oògùn tó tán, ó ti dé.

Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún Phoenix náà pé àìsàn ọmọ yìí lágídí, pé dókítà ní bí ó bá ti ń wá, wọ́n á máa fún un ní oògùn. Ó gba ìgò, ó rọra tọ́jú rẹ̀ sápò. Akọ̀wé fún un ní sẹ́ǹtì márùn-ún nítorí Kérésì, ó pa á pọ̀ mọ́ ti ọdẹ, ó di sẹ́ǹtì mẹ́wàá. Kò ní òun yóò fi jẹun, bẹ́ẹ̀ kò sí ibi tí wọ́n ti sọ fún wa pé ó jẹun láti àárọ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ra fáànù bébà tí atẹ́gùn máa ń yí, pé ọmọ náà kò ní gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láyé. Ló bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ìtàn tán síbẹ̀. Nígbà ayé Welty, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti tíṣà máa ń kọ lẹ́tà sí i, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń bi í ju gbogbo ìyókù lọ: ṣé ọmọ náà ò ti kú? Ṣé kì í ṣe pé màmá ń rìn fún òkú? Ní 1974 ó kọ èsì kan, ó ní bó bá jẹ́ pé ọmọ ti kú, ìyẹn kò yí òtítọ́ ìtàn náà padà. Phoenix tó ń rìn, òun ló wà láàyè. Ìbéèrè yẹn kò yà mí lẹ́nu. Ìbéèrè oníṣòwò ni: èrè dà? Ohun kan náà ni wọ́n ń bi ìyá ọmọ tó ní wárápá, òun ni wọ́n ń bi ọkọ tó ń wẹ ìyàwó tí àìsàn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. "Ṣé kò tíì tó báyìí?" Kò sí ohun tí wọn yóò fi dá yín lóhùn, ẹ má bi wọ́n mọ́.

Ohun tí èmi máa ń rò ni àbọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ọ́. Gbogbo ọ̀nà yẹn ló tún ń dúró dè é: wáyà ẹlẹ́gùn-ún, igi orí odò, ajá dúdú, òkè, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ìgò oògùn wà lápò, fáànù bébà wà lọ́wọ́ kan, ọ̀pá wà lọ́wọ́ kejì. Bó bá sì délé, ó mọ ìgbà tí òun yóò tún jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá tàbí ìyá àgbà tó ń dá lọ gba oògùn, bóyá tirẹ̀ ni o, bóyá ti ọmọ yín, ẹ pè é lórí fóònù lónìí. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí oògùn yóò tán, kí ẹ sì bá a lọ lọ́tẹ̀ yìí.